Ẹran Ọjọ́ Ẹtì

Ìgbà kẹta nìyí tí Delia Hession yóò jí ọ̀bẹ ìgẹran gbé kúrò lórí tábìlì. Nuala, ọmọ rẹ̀ obìnrin, kò rí i nígbà tó gbé e. Àyè òfìfo ló rí, ojú ibi tóóró kan lórí aṣọ funfun, láàárín àwo ńlá àti òdòdó. Àmúga gígùn eléyín méjì tí wọ́n fi ń di ẹran mú ti bá a lọ.

Ó fa dúrọ́ọ̀ yọ. Kò sí níbẹ̀. Ó gbé ìrọ̀rí àga ìyá rẹ̀ sókè. Kò sí níbẹ̀. Inú agolo ìyẹ̀fun ló ti bá wọn níkẹyìn, tí èèkù wọn yọ síta bí apá ẹni tí yìnyín bò mọ́lẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́." Ó fa wọ́n yọ nínú ìyẹ̀fun. "Ẹ má fọwọ́ kan tábìlì yìí mọ́. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín."

"Ta ló fọwọ́ kàn án?" Delia dáhùn láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ìyẹ̀fun kún ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dé ọrùn ọwọ́. "Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ, ìyáàfin. Ẹ kú iṣẹ́."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń bá a sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí ewé igi ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ lọ́dún tó kọjá: ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣeun, ẹ má bínú. Delia tó jẹ́ pé nígbà kan, ìbínú rẹ̀ máa ń gun àtẹ̀gùn wọlé ṣáájú rẹ̀. Nuala gbà pé ọjọ́ ogbó ló rọ̀ ọ́. Ó tilẹ̀ ti dúpẹ́ fún un nínú àdúrà.

Aago mọ́kànlá ti kọjá. Emmet ń bọ̀ ní aago méjì, aago márùn-ún sì ni òpin ohun gbogbo. Ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbà kan ní ìlú Quincy, bẹ́ẹ̀dì kan ṣófo láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹni tó wà lórí rẹ̀ ti kú. Àwọn tó ń retí irú àyè bẹ́ẹ̀ lé ní ogójì, orúkọ Delia ló sì kàn. Bí ìdílé Hession kò bá dáhùn kí aago márùn-ún tó lù, ẹlòmíràn yóò gbà á. Bí wọ́n bá dáhùn, ní ọjọ́ Ajé ni Delia yóò fi ilé tó ti gbé fún ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta sílẹ̀.

Ọwọ́ Emmet ni ìpinnu wà. Òun ni àkọ́bí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún kan péré ló fi ju Nuala lọ, òun sì ni bàbá wọn fi àṣẹ lé lọ́wọ́ nínú ìwé agbẹjọ́rò kí ó tó kú. Ó ti sọ tirẹ̀ lórí fóònù láti Hartford níbi tó ń gbé.

"Màá wá bá yín jẹun lọ́jọ́ Pátíríìkì Mímọ́. Tí mo bá rí i pé iyè Màmá ṣì wà níbẹ̀, a ó jẹ́ kí bẹ́ẹ̀dì yẹn lọ. Tí kò bá sí níbẹ̀ mọ́, Nuala, o ò ní bá mi jà."

"N ò ní bá ẹ jà," ni Nuala wí. Láti ìgbà náà ni kò ti sùn dáadáa.

Kì í ṣe pé Emmet burú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ní ìdájí, Delia dìde láti po tíì, ó ṣí gáàsì, kò ṣáná sí i, ó sì padà lọ sùn. Peg Scannell tó ń gbé ìsàlẹ̀ ló gbóòórùn rẹ̀, òun ló wá ń fi ọwọ́ méjèèjì lu ilẹ̀kùn. Láti ọjọ́ náà ni Nuala ti ń yọ àwọn bọ́tìnnì sítóòfù, tó ń kó wọn sínú àpò épírọ́ọ̀nù rẹ̀. Mẹ́rin ni wọ́n. Lónìí, mẹ́ta wà nínú àpò, tí wọ́n ń kan ara wọn bó ti ń rìn. Ìkẹrin wà níbi iṣẹ́, ó ń ṣọ́ iná abẹ́ ìkòkò ẹran.

Tábìlì yìí nìkan ni ìrètí rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ yòókù nínú ọdún, bàbá wọn ló máa ń pàṣẹ nílé. Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹta, ọjọ́ Pátíríìkì Mímọ́, nìkan ni Delia máa ń jọba, orí tábìlì yìí sì ni ìtẹ́ rẹ̀. Òun ló kọ́ Nuala bí wọ́n ṣe ń tẹ́ ẹ. Aṣọ funfun tó gbé wá láti Mayo, ìlú tí wọ́n ti bí i lókè òkun, nígbà tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún ni wọ́n máa ń tẹ́, èyí tí ìyá tirẹ̀ fi abẹ́rẹ́ kọ ewé ẹlẹ́ka mẹ́ta sí létí yíká. Ojú kan wà lára rẹ̀ tí irin ìlọṣọ ti jó, wọ́n sì gbọ́dọ̀ yí i sí ibi ìjókòó bàbá, kí ìgbúnwọ́ rẹ̀ lè bò ó. Àwọn ife fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí èèpo ẹyin. Àbẹ́là méjì aláwọ̀ ewé. Búrẹ́dì sódà tí wọ́n fi ọ̀bẹ kọ àgbélébùú sí lórí kí ó tó wọnú ààrò. Àti ìnuwọ́ oníwèé aláwọ̀ ewé tó ń dán, tí Delia máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́dọọdún tó sì máa ń rà lọ́dọọdún. "Tí a ò bá rà á," á ní, "àwọn ará ìsàlẹ̀ á ní a ti di ará Ítálì."

Ohun tí Nuala gbà gbọ́ kò pọ̀. Ó gbà pé bí tábìlì bá rí bó ṣe yẹ kó rí, ọwọ́ ìyá òun yóò dá a mọ̀. Bí ọwọ́ bá ti dá a mọ̀, ọwọ́ yóò fa orí padà wá sílé. Ìdí nìyẹn tó fi fi okùn wọn àlàfo láàárín àwo àti àwo. Ìdí nìyẹn tó fi lọ aṣọ náà lẹ́ẹ̀mejì.

Àmọ́ ọ̀bẹ ìgẹran kò jókòó.

Ó nù ún nù, ó gbé e padà sí àyè rẹ̀. Nígbà náà ni Peg Scannell gun àtẹ̀gùn dé, ó ń mí gulegule, ó di òdòdó mọ́ àyà, irú èyí tí wọ́n máa ń rẹ sínú aró títí funfun rẹ̀ yóò fi di àwọ̀ ewé. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni. Ó ti sin ọkọ méjì, kò sì bẹ̀rù ẹnikẹ́ni mọ́.

"Òórùn ẹran yín ti dé ìsàlẹ̀," ó ní. "Ọlọ́run ó bùkún bíṣọ́ọ̀bù wa. Tí kì í bá ṣe pé ó yọ̀ǹda ẹran lọ́jọ́ Ẹtì inú Ààwẹ̀ yìí, ẹja gbígbẹ la ò bá máa fi ṣọdún." Ó tẹ́ òdòdó náà sílẹ̀, ó sì wo tábìlì láti orí dé ẹsẹ̀. "Nuala, ọmọ mi. Kí ni Emmet ń bọ̀ wá wò, tábìlì ni àbí ìyá yín?"

"Ìkan náà ni wọ́n, Ìyáàfin Scannell."

"Háà." Peg wo Delia tó ń gbọn ìyẹ̀fun kúrò lọ́wọ́. "Ìwọ fúnra ẹ ńkọ́? Ìgbà wo lo ti jáde nílé yìí gbẹ̀yìn? Má sọ ṣọ́ọ̀ṣì fún mi."

Oṣù mẹ́rìndínlógún ni, láti ọjọ́ tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ilé ìtajà oògùn tó wà lójú ọ̀nà ńlá Dorchester. Kóòtù iṣẹ́ rẹ̀ ṣì rọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn ìdáná pẹ̀lú báàgì aláwọ̀ búráùn. Nígbà tí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ ní àyè rẹ̀ kò ní parẹ́. Ó rẹ́rìn-ín nígbà náà. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Kò sí ẹni tó ń fi ọmú sílẹ̀ nílé lọ ta oògùn ikọ́.

"Tẹ́ ẹ bá nílò mi, ẹ fẹsẹ̀ lulẹ̀," ni Peg wí, ó sì sọ̀ kalẹ̀.

Nígbà tó di aago kan, Nuala fa àga sún mọ́ ìyá rẹ̀. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Màmá, Emmet ń bọ̀. Tó bá béèrè ọjọ́ tí a wà, kí lẹ ó sọ?"

"Emmet dáa," ni Delia wí.

"Ọjọ́ Pátíríìkì Mímọ́ ni kẹ́ ẹ sọ. Ẹ sọ ọ́ kí n gbọ́."

Delia wò ó bí ènìyàn ṣe ń wo ẹni tí ara rẹ̀ kò dá, tí a kò sì fẹ́ ṣẹ̀. Ó fọwọ́ lù ú léjìká díẹ̀díẹ̀. "Ẹ sinmi díẹ̀, ìyáàfin. Ẹ ti ṣiṣẹ́ jù."

Èyí gan-an ni Nuala ń bẹ̀rù. Nínú oṣù kìíní, dókítà ti bi Delia ní ọdún, ní oṣù, ní ọjọ́. Delia wo ọ̀dọ́kùnrin náà títí. "Dókítà," ó ní, "ṣé wọn ò ní kàlẹ́ńdà nílé yín ni?" Nuala rẹ́rìn-ín. Dókítà kọ nǹkan sínú ìwé, Emmet sì gba ẹ̀dà rẹ̀.

Delia ní kàlẹ́ńdà tirẹ̀. Ilé ìsìnkú tó wà ní ìgun òpópónà ló ń pín in fún àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà lọ́dọọdún, ara ògiri ìdáná ló sì ń gbé. Láràárọ̀, tó bá ti mu tíì tán, á mú pẹ́ńsùlù, á fi fa ìlà sórí ọjọ́ àná. Nuala kò wò ó rí. Ọwọ́ tó ti ń ṣe nǹkan láti ọgọ́ta ọdún, kì í béèrè lọ́wọ́ orí kó tó máa ṣe é lọ.

* * *

Emmet dé kí aago méjì tó lù. Ó wọ táì aláwọ̀ ewé, ó mú ìgò wáìnì kan dání, àpò ìwé funfun kan sì yọrí nínú àpò àyà ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Delia ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Emmet! Wò ó bó ṣe sanra. Kí nìyàwó ẹ ń fún ẹ jẹ?"

"Ohun tẹ́ ẹ kọ́ ọ, Màmá."

"Irọ́ ni. Èmi ò kọ́ ọ ní irú ìyẹn." Ó fa etí rẹ̀, ó fẹnu kò ó lẹ́nu, ó gba kóòtù rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e kọ́.

Emmet wo Nuala lókè orí ìyá wọn. Ìyàlẹ́nu wà lójú rẹ̀, ayọ̀ sì fara pamọ́ sẹ́yìn ìyàlẹ́nu náà. Nuala yí ojú sí sítóòfù kí wọ́n má bàa rí ayọ̀ tirẹ̀.

Wọ́n jókòó. Emmet gbàdúrà. Delia ká ìnuwọ́ rẹ̀ sórí itan, ó tún etí ife rẹ̀ yí sí ọ̀tún, ó fi ìka tọ ewé tí ìyá rẹ̀ kọ sára aṣọ. Ohun gbogbo ń lọ bí Nuala ti là á kalẹ̀. Ó dìde lọ gbé ẹran. Láti aago mẹ́fà òwúrọ̀ ni ẹran màlúù oníyọ̀ náà ti wà lórí iná pẹ̀lú ata dúdú àti ewé olóòórùn. Ó pupa rẹ́súrẹ́sú, ó rọ̀ débi pé ó ń wárìrì nínú àwo. Ó gbé e sáàárín tábìlì, ó to kábéèjì yí i ká. Ó na ọwọ́ sí ọ̀bẹ ìgẹran.

Kò sí níbẹ̀.

"Ó ti tún jí i gbé," ó sọ ọ́ kó tó mọ̀ pé òun ti sọ ọ́.

"Kí ló jí gbé?" Emmet béèrè.

"Kò sí nǹkan kan. Màá fi ti búrẹ́dì gé e."

Emmet gbé ife rẹ̀ sílẹ̀. Ó bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni ń tẹ ojú egbò. "Màmá, ọjọ́ wo la wà lónìí?"

Delia kò wò ó. Ẹran ló ń wò. Ó wò ó títí ooru rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Ó wá dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé àwo ńlá náà, ó gbé e gba ẹ̀yìn àga Emmet kọjá láìta omi rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ tẹ ìdérí garawa ìdọ̀tí, ó sì da gbogbo rẹ̀ síbẹ̀. Ẹran ró gbì. Ìdérí pa dé.

Ọ̀bẹ búrẹ́dì wà lọ́wọ́ Nuala. Wákàtí mẹ́jọ iṣẹ́, òru mẹ́ta àìsùn, gbogbo rẹ̀ ti wà nísàlẹ̀ garawa lórí èèpo ọ̀dùnkún.

"O rí i," ni Emmet wí. Kò fi ṣe ẹ̀sín. Ohùn rẹ̀ ti rẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń lọ sí àpò àyà.

"Ọjọ́ Ẹtì," ni Delia wí.

Ó padà síbi tábìlì pẹ̀lú àwo òfìfo. Ojú rẹ̀ le koko bí ó ti máa ń le nígbà tí àwọn méjèèjì wà lọ́mọdé. "Ọjọ́ Ẹtì nìyí, nínú Ààwẹ̀. Ta ló ń se ẹran nínú ilé mi?"

Ó nàka sí ògiri. Nuala lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́. Lórí kàlẹ́ńdà ilé ìsìnkú, ìlà pẹ́ńsùlù ti gba ọjọ́ kẹrìndínlógún kọjá, ó tọ́, ó mọ́. Ọjọ́ kẹtàdínlógún ṣì wà láìfà. Nínú àpótí rẹ̀, lábẹ́ orúkọ Pátíríìkì Mímọ́, wọ́n tẹ ẹja kékeré kan, irú èyí tó wà lára gbogbo Ọjọ́ Ẹtì Ààwẹ̀ láti sọ fún ìyá ilé pé kò gbọdọ̀ se ẹran. Nuala ṣí i padà sí oṣù kejì. Ó ṣí i dé oṣù kìíní. Delia kò fo ọjọ́ kankan. Kò fa ọjọ́ kankan lẹ́ẹ̀mejì.

Nítorí náà ló ṣe ń jí ọ̀bẹ gbé. Lójú rẹ̀, ẹran kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀. Kí wá ni ọ̀bẹ ìgẹran ń wá níbẹ̀?

"Màmá," ni Emmet wí, "bíṣọ́ọ̀bù yọ̀ǹda rẹ̀ lọ́dún yìí. Wọ́n kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì nítorí ọdún."

"Kí bíṣọ́ọ̀bù jẹ tiẹ̀ nílé tiẹ̀."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Emmet. Kò retí rẹ̀. Ó fi ìnuwọ́ aláwọ̀ ewé bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì. Delia ti ń kó kábéèjì. Omi ẹran ló fi jinná, ó ṣàlàyé, nítorí náà ẹran ni òun náà. Garawa gbà á. Ọ̀dùnkún nìkan ló ṣẹ́ kù, àti búrẹ́dì, àti bọ́tà. Wọ́n jẹ wọ́n. Emmet jẹ ọ̀dùnkún mẹ́rin. Bọ́tà ń ṣàn lágbọ̀n rẹ̀, ó dà bí ọmọ ọdún mẹ́wàá.

"Ó mọ ọjọ́," ó sọ fún Nuala. "Ó mọ̀ ọ́n jù mí lọ."

Nuala mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, kò sí bẹ́ẹ̀dì kankan ní Quincy.

Delia dìde lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó mú àwo kan tó mọ́, ó ṣa ọ̀dùnkún méjì tó tóbi jù sínú rẹ̀, ó bu bọ́tà lé wọn, ó fi búrẹ́dì tì wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó mú àwo mìíràn, ó dà á délẹ̀ bo ti àkọ́kọ́. Ó gbé méjèèjì lọ sórí irin gbígbóná tó ń mú ilé móoru lábẹ́ fèrèsé.

"Ta lẹ gbé ìyẹn pa mọ́ fún, Màmá?" Emmet béèrè, ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

"Nuala. Kò tíì dé láti ibiṣẹ́." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. "Ẹ̀yin náà ẹ jẹun, ìyáàfin. Ọlọ́run á san án fún yín. Ẹ bá wa ṣe wàhálà púpọ̀ lónìí."

* * *

Emmet ló fọ àwo. Nuala ń nù wọ́n. Àpò ìwé funfun wà lórí tábìlì láàárín àbẹ́là méjì.

"Ó ti pẹ́ tó tí kò ti dá ẹ mọ̀?" ni Emmet béèrè níkẹyìn.

"N ò mọ̀." Ṣùgbọ́n ó mọ̀. Láti ìgbà tí ewé igi ti rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣeun, ẹ má bínú. Ìwà pẹ̀lẹ́ tó ń dúpẹ́ fún, ìwà tí a ń hù sí àlejò ni.

"O ní o ò ní jẹ́ kó lọ gbé láàárín àwọn tí kò mọ̀," ni Emmet wí. Ó pa omi ẹ̀rọ. "Nuala, láàárín wọn ló wà."

Nuala lọ kúnlẹ̀ níwájú àga ìyá rẹ̀. Ó mọ̀ pé kò yẹ kí òun ṣe é, ó sì ṣe é. "Màmá, ẹ wò mí. Èmi nìyí. Èmi ni Nuala."

Ẹ̀rù ba Delia. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà díẹ̀, ó wo ọ̀dọ̀ Emmet fún ìrànlọ́wọ́, ó sì tún dá ọwọ́ náà padà nítorí pé wọ́n kọ́ ọ nílé. "Ẹ má sunkún," ó ní. "Ó ń bọ̀. Ẹ ó rí i. Ẹ ó fẹ́ràn rẹ̀."

Aago mẹ́rin lù. Emmet yọ ìwé náà jáde, ó gbé e síwájú Nuala. Kò nílò ìbuwọ́lù rẹ̀. Ó ń fẹ́ kí ó sọ bẹ́ẹ̀ ni. Nuala ka ìlà àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kò mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ó ti la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lórí ahọ́n rẹ̀.

"Ó yẹ kó ti dé," ni Delia wí lójú fèrèsé. Ó fọwọ́ kan ìdérí àwo, ó ń wádìí bóyá ó ṣì móoru. "Aago mẹ́rin ni wọ́n ń ti ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Ẹtì."

Ìyẹn náà tọ́. Aago mẹ́rin ni.

Nuala pa ẹnu rẹ̀ dé. Ó dìde, ó bọ́ épírọ́ọ̀nù. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn ìdáná, ó mú kóòtù, ó gbọn eruku èjìká rẹ̀, ó gbé báàgì búráùn kọ́ apá. Emmet ń wò ó. Nuala gba àtẹ̀gùn ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ garawa ìdọ̀tí àwọn ará ìsàlẹ̀ kọjá, ó bọ́ sójú títì.

Òtútù gba etí rẹ̀. Òjò wínníwínní ń rọ̀. Ní ilé ọtí ìgun òpópónà, wọ́n ti ń fi ohùn hòrò kọrin. Ó rìn dé ibi tí bọ́ọ̀sì ń dúró sí, ó dúró níbẹ̀ títí bọ́ọ̀sì kan fi kọjá, ó sì yí padà sílé bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀. Bí kò bá dá mi mọ̀ báyìí ńkọ́? Ó gbójú sókè. Lójú fèrèsé àjà kejì, ìyá rẹ̀ ti nàró. Ó gbé ọwọ́ sókè, kì í ṣe láti kí i; ó ń tọ́ka sí aago ọrùn ọwọ́ rẹ̀.

Kí Nuala tó gun àtẹ̀gùn iwájú tán, ilẹ̀kùn ti ṣí.

"O pẹ́."

"Bọ́ọ̀sì ni, Màmá."

"Bọ́ọ̀sì, bọ́ọ̀sì. Ojoojúmọ́, bọ́ọ̀sì. Bọ́ bàtà ẹ, o fẹ́ ba ilẹ̀ mi jẹ́." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbígbóná bo etí ọmọ rẹ̀ méjèèjì. "Wò ó bí etí ẹ ṣe tutù. Fìlà tí mo hun fún ẹ dà?"

"Mo gbàgbé ẹ̀."

"Orí ẹ lo máa gbàgbé lọ́jọ́ kan." Ó bọ́ kóòtù lọ́rùn rẹ̀, ó gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Emmet. Ó wo ẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyáàfin kan wà níbí lónìí. Ó mọ tábìlì í tẹ́, n ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ojú tí irin jó lára aṣọ, ibi tí èmi ì bá fi sí gan-an ló fi sí. Àmọ́ ẹran ló sè. Lọ́jọ́ Ẹtì."

"Ẹ má bínú sí i, Màmá."

"N ò bínú sí i. Àánú ẹ̀ ló ń ṣe mí." Delia mi orí. "Kì í lọ sílé. Tọ̀sán-tòru ló ń bẹ níbí. Mo rò pé kò ní ẹnì kankan."

Nuala jókòó sí àyè rẹ̀. Ìyá rẹ̀ gbé àwo náà síwájú rẹ̀, ó ṣí i, ó sì jókòó tì í láti wo bó ṣe ń jẹ. Ọ̀dùnkún náà ti gbẹ lẹ́yìn, ó ti le ní ìsàlẹ̀. Nuala jẹ ẹ́. Ó jẹ èkejì.

Emmet dúró lẹ́nu ọ̀nà ìdáná, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Aago márùn-ún ku ogún ìṣẹ́jú.

"Ta ni yóò wà pẹ̀lú rẹ̀ lọ́sàn-án?" ó béèrè.

"Ìyáàfin Scannell."

"Gáàsì ńkọ́?"

Nuala na ọwọ́ sí épírọ́ọ̀nù tó kọ́ sẹ́yìn àga, ó kó àwọn bọ́tìnnì sítóòfù jáde, ó tò wọ́n sórí aṣọ Mayo lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta. Ó dìde, ó lọ yọ ìkẹrin, ó gbé e tì wọ́n.

"Àwọn wo nìyẹn?" ni Delia béèrè.

"Ti ibiṣẹ́ ni, Màmá. Màá kó wọn dání lọ láàárọ̀."

Emmet wo bọ́tìnnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó wo ìyá rẹ̀, tó ń fi àtàǹpàkò nu bọ́tà kúrò létí ẹnu obìnrin ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta. Ó yí padà sínú ọ̀nà àárín ilé. Nuala gbọ́ tó dárúkọ Hession, tó ń pe lẹ́tà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbọ́ tó ní, "Rárá. Ẹ fún ẹni tó kàn." Lẹ́yìn náà, kò tètè wọlé.

"Jẹ búrẹ́dì ẹ," ni Delia wí.

Nuala bu ú jẹ. Láti ibi tó jókòó sí, ó ń rí kóòtù iṣẹ́ rẹ̀ lára ìkọ́, tí omi òjò ń kán láti etí rẹ̀ sórí ilẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ fọ̀ láàárọ̀. Kò ní gbẹ kó tó di òwúrọ̀. Yóò wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀, nínú ọ̀rinrin rẹ̀, yóò sì gba ẹ̀yìn jáde lọ síbi iṣẹ́ kí ìyá rẹ̀ tó mu tíì tán.